Ibi Tí Oró Ẹ̀gẹ́ Ti Ń Tú

Èkìtì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iyán náà ló bí ọ̀mọ̀wé tó sọ ẹ̀gẹ́ di ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, nítòsí Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ, ni Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1968, ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Brain, lórí àìsàn tí ń mú kí ẹsẹ̀ kú, kí ojú ṣú, kí etí sì di. Ó rí thiocyanate, ohun tí ara ń sọ sàyánáìdì dà, púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì tọ́ka sí sàyánáìdì inú ẹ̀gẹ́.

Ìtọ́ka náà mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ iye ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn ń jẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá yí láti ìgbà náà, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí oró ti ń tú ló ṣe kókó jù.

Ṣúgà ni oró yìí gùn wọlé. Linamarin inú ẹ̀gẹ́ jẹ́ gúlúkóòsì tí a so mọ́ acetone cyanohydrin, kò sì lè ṣeni ní jàǹbá tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, linamarin wà lọ́tọ̀, ẹ́ńsáìmù tí í já a sì wà lọ́tọ̀. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, àwọn méjèèjì pàdé: ṣúgà já kúrò, ìyókù sì lè tú sàyánáìdì sílẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni sàyánáìdì yìí ti ń hó, ìdí nìyẹn tí agbada ìyangàrí fi ń lé e lọ.

Bí a bá gbé linamarin mì láìjá, apá kan á bá ìtọ̀ jáde bó ṣe wà. Èyí tó dé ìfun ńlá ni kòkòrò inú ìfun á já. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ kò ṣe, inú ènìyàn ló ṣe é. Ara wá nílò imí ọjọ́, tí ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ń pèsè, láti sọ sàyánáìdì di thiocyanate.

Àwọn tí ń yan gàrí ní Ìjerò àti káàkiri ẹkùn yìí mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kan. Mi ò bá wọn jiyàn lórí adùn. Ní ti oró, kíkan kọ́ ló ń lé e: láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rínrin ni púpọ̀ jù lọ nínú linamarin ti já, àti pé bí ẹ̀gẹ́ bá ti kan, cyanohydrin ń le sí i ni, kì í fẹ́ tú mọ́. Fífún omi rẹ̀ àti iná ló ń yọ ọ́. Láfún yàtọ̀ pátápátá. Odidi ẹ̀gẹ́ ni a ń rẹ, kò sí ẹ̀rọ kankan. Tí a bá kánjú sá a lóòrùn kó tó rọ̀, oró ṣì wà nínú rẹ̀. Láfún ìkánjú yìí ló yẹ kí a máa wọ̀n, ju gàrí lọ.

Ẹni tó bá tako mi ní ẹ̀rí. Ní ìlú Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwádìí tí Olúwọlé àti akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2000 rí àìsàn tí Ọ̀ṣuntókun ṣàpèjúwe lára nǹkan bí 6% àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, èyí tó tẹ̀ lé e ní 2003 kò sì rí ìbáṣepọ̀ láàrin rẹ̀ àti sàyánáìdì. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n thiocyanate tí a fi ń díwọ̀n sàyánáìdì nínú ara nìkan kò sọ bóyá inú ìfun ni oró ti tú, tàbí bóyá ẹni náà ń rí ẹja jẹ.