Ta Ni Ó Ń San Owó Ìkọ́ṣẹ́?

Láti Kétu dé Ṣábẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, kò sí àdúgbò tí a kì í ti í rí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́: èyí ń ránṣọ, èyí ń tún alùpùpù ṣe, èyí ń fá pákó. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè: ta ni ó ń sanwó ẹ̀kọ́ wọn?

Láyé àwọn baba ńlá wa, agboolé ni. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a máa fín ẹwìrì fún baba rẹ̀. Ọmọ agbẹ́gilére ní Kétu a máa wo ọwọ́ àgbà bí wọ́n ti ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àgbà ń kọ́ èwe, èwe ń sin àgbà, gbèsè tán. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà bọ̀ mú iṣẹ́ mọlémọlé àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà wọ Àjàṣẹ́. Ojú mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà ṣì ń jẹ́rìí sí ọgbọ́n wọn títí di òní. Bí iṣẹ́ ti ń jáde kúrò nínú ìdílé ni owó ń wọ inú rẹ̀: òbí ń san owó ìwọlé fún ọ̀gá, ó sì tún ń náwó ní ọjọ́ tí ọmọ bá gba ìdásílẹ̀.

Ìjọba Faransé kò yí èyí padà. Òfin iṣẹ́ ti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1952 ka àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ sí, ó sì ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1998 náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò òbí ni owó ṣì ti ń jáde.

Ọdún 1999 ni nǹkan yí padà. Ìjọba dá àpò owó FODEFCA sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Owó tí a yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé sì ràn án lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba fi ìdí ìwé ẹ̀rí méjì múlẹ̀. CQP jẹ́ ti ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀. CQM jẹ́ ti ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ ní ìlànà àtijọ́, tí a sì fi iṣẹ́ ọwọ́ dán wò.

Ohun rere ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ọ̀nà CQP: ọmọ gbọ́dọ̀ ti ka ìwé dé CM2 ó kéré tán, nítorí èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ inú kíláàsì. Àwa olùkọ́ mọ àwọn tí ẹnu ọ̀nà yìí dá padà. Àwọn ni ó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní CE1 tàbí CE2, tí wọ́n ń fi Yorùbá gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ọ̀gá tí òun náà kò kàwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni òbí wọn kò lówó lọ́wọ́, síbẹ̀ àwọn òbí wọ̀nyí ni ó ń dá san gbogbo rẹ̀.

Ètò orílẹ̀-èdè fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, èyí tí a ṣe fún ọdún 2019 sí 2025, tún gbé ojú sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ńláńlá tí a óò kọ́. A kò lòdì sí ilé ẹ̀kọ́; inú rẹ̀ ni a ti ń jẹun. Ohun tí ìtàn fi hàn wá ni pé ẹni tí ó gbọ́ Faransé ni owó ìjọba ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí a bá lè fi Yorùbá wọn aṣọ, tí a fi ń ṣírò iye pákó, a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ inú kíláàsì pẹ̀lú. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa nìyí: kí a kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ jọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá, kí a kọ àwọn ọmọṣẹ́ ní ìwé kíkà ní èdè wọn, kí a sì bá ìjọba sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.