ORÚKỌ MẸ́RÌNDÍNLÓGÚN: ÌTÀN IKỌ̀ HỌ́KÌ OBÌNRIN ZIMBABWE NÍ MOSCOW, 1980

 Nínú gbogbo wa tó jáde ní ilé-ìwé yìí, kò sí ẹni tí kò mọ agbára ìwé orúkọ. Bí wọ́n bá ti lẹ orúkọ àwọn tó máa ṣojú ilé-ìwé níbi eré ìdárayá mọ́ pátákó ìkéde, ẹ rántí bí a ṣe máa ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí orúkọ tirẹ̀ á fò sókè. Ẹni tí kò rí i á tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ojú ló ṣì í.

Ìwé orúkọ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Orúkọ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, obìnrin ni gbogbo wọn, eré họ́kì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Òlíńpíìkì, wọ́n sì gbé e wá sí Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ ka ìwé náà, ẹ ó rí i pé àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ náà ní ìtàn tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Kí Zimbabwe tó máa jẹ́ Zimbabwe, Rhodesia ni wọ́n ń pè é. Ní 1965, Ian Smith àti àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ já ara wọn gbà lọ́wọ́ Ìlú Ọba láìgba àṣẹ, kí ìjọba má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ní ilẹ̀. Gbogbo ayé kẹ̀yìn sí wọn. Ní 1972, ikọ̀ Rhodesia ti dé Munich ní Jámánì fún Òlíńpíìkì nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní bí àwọn wọ̀nyí bá kópa, àwọn á kẹ́rù wọn, àwọn á máa lọ sílé. Wọ́n dá Rhodesia padà láìbá ẹnikẹ́ni díje.

Nàìjíríà náà kò káwọ́ gbera. Ẹ̀yin olùkọ́ wa á rántí 1979, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba ilé-iṣẹ́ epo BP mọ́ Ìlú Ọba lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ South Africa àti Rhodesia yìí kan náà. Ibẹ̀ ni ilé epo AP tí gbogbo wa mọ̀ ti wá. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1980, Zimbabwe gba òmìnira. Ìjìyà tí wọ́n fi jẹ Rhodesia nínú eré ìdárayá wá dópin.

Ibòmíràn ni wàhálà tún ti bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1979, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì wọ Afghanistan. Moscow, olú-ìlú Sófíẹ̀tì, ni Òlíńpíìkì 1980 sì fẹ́ wáyé. Ààrẹ Jimmy Carter ti Amẹ́ríkà ní àwọn kò ní lọ, ó sì ní kí àwọn yòókù má lọ. Muhammad Ali pàápàá ni ó rán wá sí Áfíríkà, ó sì dé Èkó, kí ó wá pàrọwà fún wa. Nàìjíríà kò gbà, a lọ sí Moscow. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ju ọgọ́ta lọ ni kò lọ.

Họ́kì obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù. Ọdún náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbá họ́kì obìnrin ní Òlíńpíìkì. Ikọ̀ mẹ́fà ni wọ́n ṣètò fún, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè, Sófíẹ̀tì tó ni ilé nìkan ló ṣẹ́kù. Amẹ́ríkà kò lọ. Netherlands tó gba ife àgbáyé ní 1978 kò lọ. Jámánì Ìwọ̀-oòrùn náà kò lọ. Àwọn olùṣètò wá ń sá kíjokíjo láti wá ẹni tó máa dí àyè. Bí wọ́n ṣe kan ilẹ̀kùn Zimbabwe nìyẹn, nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré.

Ẹ fojú inú wò ó. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó gba òmìnira. Wọn kò ní owó, wọn kò ní àkókò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń gbowó oṣù nítorí họ́kì láàárín wọn. Iṣẹ́ ni oníkálukú ń ṣe jẹun, bí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni wọ́n tó ń gbá a. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Òlíńpíìkì ni wọ́n tó yan ikọ̀. Orúkọ tó jáde nìyí: Arlene Boxall, Elizabeth Chase, Sandra Chick, Gillian Cowley, Patricia Davies, Sarah English, Maureen George, Ann Grant, Susan Huggett, Patricia McKillop, Brenda Phillips, Christine Prinsloo, Sonia Robertson, Anthea Stewart, Helen Volk àti Linda Watson.

Ann Grant ni balógun wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti Duncan Fletcher, tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì England. Anthea Stewart ń gbá, ó tún ń kọ́ àwọn yòókù. Ìbejì ni Sandra Chick àti Sonia Robertson. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹjọ́rẹ̀! Ikọ̀ tó ní ìbejì nínú, ta ní máa sọ pé orí kò ní bá wọn ṣe é?

Nígbà tí wọ́n dé Moscow, wọ́n bá nǹkan tí wọn kò rí rí. Koríko àtọwọ́dá ni wọ́n tẹ́ sórí pápá. Orí koríko gidi ni àwọn ti ń gbá tiwọn nílé, bàtà tí wọ́n kó dání kò sì bá irú pápá bẹ́ẹ̀ mu. Wọ́n ní láti wá bàtà mìíràn níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù a máa yára lórí irú pápá yìí, kì í ta kù bíi ti orí koríko. Inú ìdíje gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a.

Gbogbo ikọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa bá ara wọn gbá. Ẹni tó bá borí gba àmì 2, ọ̀mì jẹ́ àmì 1. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, Zimbabwe na Poland 4 sí òdo. Wọ́n ta ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú Czechoslovakia. Wọ́n na Sófíẹ̀tì 2 sí òdo nínú ilé Sófíẹ̀tì. Wọ́n ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú India. Ó wá ku Austria. Àmì 6 ni Zimbabwe ní lọ́wọ́, 7 sì ni Czechoslovakia fi parí tirẹ̀. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, wúrà ti lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, wọ́n na Austria 4 sí 1. Zimbabwe ní àmì 8, ó gba wúrà. Czechoslovakia gba fàdákà, Sófíẹ̀tì gba idẹ. India ṣe ìkẹrin, Austria ìkarùn-ún, Poland kò rí àmì kankan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín á sọ. Ẹ ó ní nígbà tí ológbò kò sí nílé ni ilé fi di ilé èkúté. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ kò wá. Ṣùgbọ́n ológbò kan ṣáà wà nílé, Sófíẹ̀tì ni, òun ló sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun máa gbá. Àwọn tó yan ikọ̀ wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n wọ bàtà àjèjì, ni wọ́n nà án. Ẹni tó bá wá ni à ń bá díje.

Ìtàn kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ nípa àbọ̀ wọn. Wọ́n ti ṣèlérí màlúù kọ̀ọ̀kan fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé, ẹran tí wọ́n ti gé tí wọ́n dì ni wọ́n rí gbà. Nílé wa níbí, a mọ ìlérí ìjọba fún àwọn eléré dáadáa, ẹ má jẹ́ n fọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ padà síbi ìwé orúkọ náà. Ṣé ẹ rí i pé kò sí orúkọ Shona kan níbẹ̀, kò sí ti Ndebele? Òyìnbó ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní Zimbabwe nígbà náà, òyìnbó kò tó márùn-ún. Ṣé àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kò lè sáré ni? Ẹ má dán an wò. Artwell Mandaza, aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn asáré Rhodesia tí wọ́n dá padà ní Munich. Ẹsẹ̀ nìkan ni eré sísá ń béèrè. Họ́kì ń béèrè igi, bàtà, pápá tó tẹ́jú, àti olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ilé-ìwé òyìnbó ní Rhodesia, ọ̀tọ̀ ni ti aláwọ̀ dúdú. Ilé-ìwé òyìnbó ni pápá àti igi họ́kì wà. Òmìnira lè dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò di igi họ́kì mú rí kò lè di eléré láàárín oṣù mẹ́ta.

Mi ò fi èyí bu àwọn obìnrin wọ̀nyí kù o. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n ṣòfin, òógùn ojú wọn ni wọ́n fi gba wúrà. Ohun tí mò ń sọ ni pé lára ohun tó yan ikọ̀ yẹn ti ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti pín pápá fún àwọn kan, tí wọn kò fún àwọn kan.

Ohun tó tẹ̀lé e jẹ́rìí sí i. Àwọn kan nínú wọn fi ìlú náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ikọ̀ họ́kì obìnrin Zimbabwe kò tún dé Òlíńpíìkì mọ́ láti 1980. Orílẹ̀-èdè náà kò rí àmì-ẹ̀yẹ kankan mọ́ títí di 2004, nígbà tí Kirsty Coventry gba mẹ́ta nínú ìdíje ìwẹ̀ ní Athens, ó sì tún gba mẹ́rin ní Beijing ní 2008. Òun náà ni wọ́n yàn ṣe ààrẹ Àjọ Òlíńpíìkì Àgbáyé ní 2025, obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Tiwa ní Nàìjíríà, ọdún 1996 ni Chioma Ajunwa tó gba wúrà àkọ́kọ́ fún wa ní Atlanta, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí Zimbabwe ti gba tirẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Lọ́dọọdún tí a bá pàdé, a máa ń dáwó ra ife fún ẹni tó borí. Ó dáa, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó borí ti rí pápá lò ná. Ẹ jẹ́ ká ro ti ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò lè dé orí pátákó láéláé, nítorí kò ní bàtà, tàbí nítorí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù gba pápá tán. Bí a bá tún pápá ṣe, tí a ra igi àti bàtà tí gbogbo ọmọ lè lò, àwa náà ti ń kọ ìwé orúkọ ogún ọdún sí i nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ àwọn ọmọ tó lè gbá a. Ẹ máa pè wọ́n, àwa á máa wá owó.