Ọmọ Tí Iyọ̀ Gbé Ró

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń wu ẹnu jẹ la fẹ́ sọ lónìí.

Ní ọdún 1940, Dókítà Lawson Wilkins àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Curt Richter, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ ìtàn ọmọkùnrin kan jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni. Láti ìgbà tó ti wà ní ìkókó ló ti ń lá iyọ̀ ara bisikíìtì. Iyọ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pè. Nígbà tó yá, iyọ̀ lásán ló ń bù jẹ lójoojúmọ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn yòókù ni wọ́n fún un, kò sì rí iyọ̀ bù jẹ mọ́. Láàárín ọjọ́ 7, ọmọ náà kú.

Ìgbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò ni wọ́n tó rí òótọ́. Ẹ̀yà ara kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín, tí wọ́n ń pè ní adrenal, ti bàjẹ́. Àwọn ló ń jẹ́ kí ara di iyọ̀ mú. Bí wọn kò bá ṣiṣẹ́, ìtọ̀ ni yóò máa gbé iyọ̀ jáde títí ara yóò fi dákú. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ọmọ yìí ṣípá, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Richter ti rí irú rẹ̀ lára eku ní 1936. Àwọn eku tó yọ adrenal wọn fúnra wọn yan omi iyọ̀, wọ́n mu ún dáadáa, wọ́n sì yè.

Báwo ni ẹnu ṣe mọ̀? Iṣan láti ahọ́n ń gbé ìròyìn lọ sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ibẹ̀ náà ni iṣan láti inú ikùn ń jíṣẹ́ sí. Bí iyọ̀ bá tán lára, èyí tó le koko pàápàá á máa dùn lẹ́nu.

Ní 1950, Wilkins náà ló kọ̀wé pé oògùn cortisone ń ran àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn adrenal lọ́wọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àṣà ló ń mú ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn iyọ̀, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutí kan.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń wá iyọ̀ kiri, tó ń rù, tó ń bì, tí kò lókun, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà fún dókítà. Bí aláboyún bá ń jẹ amọ̀, tàbí tó ń rún yìnyín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè má tó lára rẹ̀. Amọ̀ kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí.