Ẹ̀bùn Owó fún Àsansílẹ̀ Ilé Àkọ́kọ́: Ohun tí Òbí àti Ọmọ Gbọ́dọ̀ Mọ̀ ní Ìlú Ọba

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó máa ń dùn mọ́ òbí nínú jù lọ ni kí ó rí ọmọ rẹ̀ nínú ilé tí í ṣe tirẹ̀. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ti fi ìdí kalẹ̀ sí, kò rọrùn fún ọ̀dọ́ láti máa san owó háyà ilé kí ó tún máa tọ́jú owó tí yóò fi ra ilé. Nítorí náà ni bàbá, ìyá tàbí ìyá àgbà ṣe máa ń ki ọwọ́ bọ àpò láti ràn án lọ́wọ́. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò ṣe ètò rẹ̀ dáradára lè dá ilé rírà dúró, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ìdí nìyí tí a fi kó àlàyé wọ̀nyí jọ fún àwọn ọmọ ìjọ, àti fún àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ lọ fún ìmọ̀ràn.

Kí ni owó àsansílẹ̀?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé pẹ̀lú mọ́gẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ mú apá kan owó ilé náà wá fúnra rẹ̀ kí báńkì tó yá a ní ìyókù. Apá yìí ni à ń pè ní owó àsansílẹ̀. Ọ̀pọ̀ báńkì a máa béèrè fún ó kéré tán ìdá 5 nínú 100. Bí iye ilé bá jẹ́ £200,000, ìdá 5 jẹ́ £10,000, ìdá 10 sì jẹ́ £20,000. Bí àsansílẹ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èlé tí báńkì ń gbà sábà máa ń dín kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó ti tọ́jú £8,000, tí òbí rẹ̀ sì fún un ní £12,000, yóò rí mọ́gẹ́ẹ̀jì tí ó dára ju èyí tí ì bá rí pẹ̀lú owó tirẹ̀ nìkan lọ.

Lẹ́tà ẹ̀bùn

Báńkì kò ní gba owó náà bí kò bá mọ ibi tí ó ti wá. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni lẹ́tà tí olùfúnni fọwọ́ sí. Lẹ́tà náà yóò sọ orúkọ olùfúnni àti ti olùgbà, bí wọ́n ṣe jẹ́ sí ara wọn, àti iye owó náà. Yóò sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀bùn ni, pé olùgbà kò ní dá a padà, àti pé olùfúnni kò ní ìpín kankan nínú ilé náà. Ọ̀pọ̀ báńkì ni ó fẹ́ kí olùfúnni jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́: òbí, òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ìjọ tí ó fẹ́ ṣe irú àánú yìí lè rí i pé báńkì kan kọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó gbé owó.

Níbo ni owó náà ti wá?

Òfin tí ó dènà fífọ owó àìmọ́, èyí tí a tún ṣe ní ọdún 2017, fi dandan lé e fún báńkì àti lọ́yà láti wádìí orísun owó. Wọn yóò béèrè fún ìwé ìrìnnà olùfúnni, ẹ̀rí àdírẹ́sì rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí owó ńlá bá ṣàdédé wọlé sí àkáǹtì náà láìpẹ́, wọn yóò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi òbí yín ṣe olè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí gbogbo ènìyàn.

Ibí yìí ni ó ti máa ń le fún àwa Yorùbá. Ìyá tí ó kó àjọ lè ní owó tòótọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé kan tí ó fi hàn. Bàbá tí ó ta ilẹ̀ ní Ìbàdàn lè gba owó náà ní ọwọ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní kùtùkùtù. Kí owó àjọ gba inú báńkì kọjá, kí olórí àjọ sì kọ orúkọ àti iye tí olúkúlùkù dá sínú ìwé. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé títà àti rìsíìtì. Bí owó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ afowóránṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má ṣe pín in sí ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ sí àkáǹtì ọmọ, nítorí irú ìrìn owó bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń fa ìfura.

Ẹ̀bùn ni tàbí awin?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wúwo jù lọ. Àwọn ẹbí kan a máa fọwọ́ sí lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, ṣùgbọ́n wọn a ti jọ sọ ọ́ ní yàrá pé ọmọ yóò máa san án padà ní oṣooṣù. Irọ́ ni èyí, kì í sì í ṣe irọ́ kékeré. Báńkì fi lẹ́tà náà ṣírò bóyá agbára ọmọ náà ká mọ́gẹ́ẹ̀jì. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ láti rí owó yá lè jẹ̀bi lábẹ́ òfin jìbìtì ti ọdún 2006. Bí òbí bá fẹ́ kí owó rẹ̀ padà, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún báńkì. Àwọn báńkì kan a máa gba awin ẹbí lábẹ́ ìlànà tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá kan fi gbogbo àjọ ọdún púpọ̀ ran ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Ọmọ náà gbéyàwó, wọ́n kọ orúkọ ìyàwó mọ́ ilé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìyá náà ń wá yàrá tí yóò máa gbé ní ọjọ́ ogbó, ó ní, “Ṣé kì í ṣe owó mi ni?” Ìyàwó náà kò mọ̀ sí i. Kò sí ẹni burúkú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ìjà ti dé. Kí òbí bi ara rẹ̀ léèrè ṣáájú pé: bí owó yìí kò bá padà wá mọ́, ṣé n ó lè jẹun, ṣé n ó lè sùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ó dín ẹ̀bùn náà kù. Bí ọmọ méjì bá ń rà á pọ̀, tàbí tọkọtaya, tí owó tí wọ́n mú wá kò sì dọ́gba, lọ́yà lè kọ ìwé tí yóò sọ ìpín olúkúlùkù. Ìwé kì í gbàgbé bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé.

Owó orí àti ilé tí ó wà nílé

Ọmọ kì í san owó orí nítorí pé ó gba ẹ̀bùn. Ti ogún ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Bí olùfúnni tí ó ń gbé ní Ìlú Ọba bá wà láyé fún ọdún 7 lẹ́yìn ẹ̀bùn, tí kò sì jẹ àǹfààní kankan nínú rẹ̀ mọ́, ẹ̀bùn náà bọ́ kúrò nínú owó orí ogún. Bí ó bá kú ṣáájú, wọn yóò kà á mọ́ ohun ìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n £325,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, nítorí náà kò kan ọ̀pọ̀ ẹbí. Olúkúlùkù sì lè fi £3,000 tọrẹ lọ́dọọdún láìsí ìṣirò.

Ohun tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu ni èyí: ní England, ẹni tí a ń pè ní olùra ilé àkọ́kọ́ ni ẹni tí kò tíì ní ilé rí ní ibikíbi lágbàáyé. Ilé tí ó wà ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìkòròdú kà, yálà a kọ́ ọ ni tàbí a jogún rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, olùra ilé àkọ́kọ́ kì í san owó orí Stamp Duty lórí ilé tí iye rẹ̀ kò ju £300,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ní ilé mìíràn tí iye rẹ̀ tó £40,000 sábà máa ń san ìdá 5 nínú 100 lé e. Lórí ilé £250,000, ẹni àkọ́kọ́ kò ní san nǹkan kan. Ẹnì kejì yóò san £15,000. Èyí ni ó fi yẹ kí òbí tí ó ti ní ilé ronú dáadáa kí ó tó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ti ọmọ. Scotland àti Wales ní òfin tiwọn. Ẹni tí ìpín rẹ̀ wà nínú ilé ẹbí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún lọ́yà láìfi pa mọ́.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn kò yẹ kí ó máa tọrẹ ńlá. Bí ilé-ẹjọ́ bá kéde rẹ̀ ní ẹni tí kò lè san gbèsè, ẹ̀bùn tí ó ṣe láàárín ọdún 5 ṣáájú lè di ohun tí wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ ọmọ.

Ní ìparí, ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí inú gbogbo ẹbí dùn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá sọ sílẹ̀. Ẹ pe ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ síbẹ̀, kí àwọn àbúrò náà sì mọ̀, kí wọ́n má baà sọ lọ́la pé a fi wọ́n ṣeré. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò mọ òtítọ́ rẹ̀. Ẹ darí wọn sọ́dọ̀ lọ́yà. Kí Olúwa kí ó jẹ́ kí ilé tí a bá rà tu àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀ lára, kí ó sì jẹ́ kí òbí tí ó ṣe ìrànwọ́ jẹ èrè rẹ̀ ní àlàáfíà.