Gbèsè Ológìnní Lọ́rùn Àwọn Oníṣẹ́-Abẹ Ọkàn

Ọ̀pá tín-ín-rín kan ni ọkàn ọmọ inú oyún níbẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti ológìnní. Òun ni yóò ká, tí yóò lọ́ mọ́ra, tí ògiri yóò sì máa hù nínú rẹ̀ títí yóò fi di ilé oníyàrá mẹ́rin. Bí ògiri náà kò bá sì pàdé, a ó bí ọmọ tòun ti ihò ní ọkàn. Nínú àléébù ọkàn tí a ń bí mọ́ ológìnní, ihò àárín yàrá méjèèjì ìsàlẹ̀ wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ.

Àìsàn ni à á wò, a kì í wo ikú. Bẹ́ẹ̀ ikú ni láyé àtijọ́ kí oníṣẹ́-abẹ dá ọkàn dúró láti rán ihò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1930, Dókítà John Gibbon ṣọ́ obìnrin kan mọ́jú ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí ó fi kú, láti òru náà ni ó sì ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe fún ìgbà díẹ̀. Mary aya rẹ̀ ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọn kò sì rí ológìnní tí wọn yóò fi dán ẹ̀rọ náà wò, Gibbon a máa jáde lóru tòun ti àpò, a fi ẹja túnà tan àwọn tí kò ní olówó ní àdúgbò Beacon Hill.

Ológìnní, ẹkùn inú ilé, arìn-má-dún, ìwọ ni a ṣẹ̀ fi ẹ̀mí rẹ dán an wò! Ní 1935, wọ́n dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró ọ̀kan pa, ẹ̀rọ ń bá a mí, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì bọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi kò mọ ibi tí ènìyàn ti dúpẹ́ oore yìí tó.

Ogun àgbáyé kejì dá iṣẹ́ náà dúró. Ní ọjọ́ 6 oṣù May 1953, ní Philadelphia, ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ ọkàn fún ọmọbìnrin ọdún 18 kan fún ìṣẹ́jú 26, Gibbon rán ihò àárín yàrá òkè méjèèjì, ọmọ náà sì yè. Àwọn ọmọ tí ó ṣe fún lẹ́yìn rẹ̀ kú. Ó bà á lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ti ológìnní fúnra rẹ̀, bí ihò ọkàn rẹ̀ bá kéré, ó lè gbó lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ láìsí ìyọnu. Bí ó bá tóbi, oògùn ni a sábà máa ń fún un, nítorí ara rẹ̀ kéré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí yóò sì gbé e sórí irú ẹ̀rọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kú fún ṣọ̀wọ́n gan-an.