Oró Ejò: Bí Ó Ṣe Ń Tàn Ká Inú Ara

Oró ejò ni omi olóró tí ejò ń tọ́jú sínú àpò tí ó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, tí ó sì ń gba inú eyín rẹ̀ tú sí ara ohun tí ó bá ṣán. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: bí paramọ́lẹ̀, a-dákẹ́-ṣọṣẹ́, bá ṣán àgbẹ̀ ní kókósẹ̀, èròjà kan nínú oró náà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hyaluronidase yóò kọ́kọ́ yọ́ ohun tí ó so ẹran ara pọ̀, kí ọ̀nà lè là fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọn yóò sì jẹ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa jò sínú ẹran, tí ẹsẹ̀ yóò sì wú. Àwọn èròjà tí ó tóbi a máa gba iṣan omi-ara rìn. Àwọn kéékèèké, irú èyí tí ń bẹ nínú oró sèbé, a máa tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì lè dá èémí dúró. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìrìn ẹsẹ̀ ni ó ń ti omi-ara síwájú, kí ẹni tí ejò ṣán má ṣe sáré. Bákan náà, kí a má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí abẹ́rẹ́ apa-oró ni ìwòsàn tòótọ́.