Ilé Asọ̀rọ̀mágbèsì ELWA ní Paynesville

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Sudan Interior Mission nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìgbájà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó gbé ilé asọ̀rọ̀mágbèsì ELWA kalẹ̀ ní etí òkun Paynesville, lẹ́bàá Monrovia, ní ilẹ̀ Làìbéríà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1954 ni a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. EL ni àmì tí a fi ń mọ àwọn ilé asọ̀rọ̀mágbèsì ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ túmọ̀ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí pé Ìfẹ́ Ayérayé ń jèrè Áfíríkà.

Orin ìyìn àti ìwàásù ni ó ń rán jáde, kì í sì ṣe ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, bí kò ṣe ní èdè ìbílẹ̀ púpọ̀, tí Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Báyìí ni ẹni tí kò mọ̀wé fi gbọ́ Ìhìnrere ní èdè ìyá rẹ̀.

Ní ọdún 1990 ogun abẹ́lé dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún asásálà wọ inú ọgbà náà, àwọn míṣọ́nnárì sì ní láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù keje a ba ilé náà jẹ́. A tún un ṣe. Ní ọdún 1996 ogun tún ba á jẹ́. Síbẹ̀ ohùn náà tún padà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà fúnra wọn sì wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyè sí èyí: òpó gíga lè wó lulẹ̀ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn onílẹ̀ ti gbà ní tiwọn kì í bá a wó.